Síkíríìnì tó ń sọ̀rọ̀ kántankàntan: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan ní Ìgbógbò, Ìkòròdú

Ìyá kan ní Ìgbógbò, lágbègbè Ìkòròdú, ń sin adìyẹ lẹ́yìn ilé wọn. Wọ́n ní àpótí ìsàba kan tí káfíńtà àdúgbò fi pákó kàn fún wọn, tí ó sì fi fóòmù funfun tẹ́ inú rẹ̀ kí ooru má bàa sá jáde. Ọgọ́ta ẹyin ló ń gbà. Gílóòbù méjì ló ń mú inú rẹ̀ gbóná, fáànù kékeré kan sì ń fẹ́ ooru náà káàkiri, kí ẹyin tó wà ní kọ̀rọ̀ má bàa tutù ju èyí tó wà láàárín lọ. Nínú àpótí tó bá ní fáànù, ẹyin adìyẹ ń fẹ́ ooru ìwọ̀n 37.5 ti Celsius fún nǹkan bí ọjọ́ 21, bí ooru náà bá sì ga jù fún wákàtí mélòó kan, ọmọ inú ẹyin lè kú. Nítorí èyí, ìyá náà a máa jí lẹ́ẹ̀mẹta lóru láti fi tọ́ọ̀ṣì wo tẹmọ́mítà, wọn a yọ gílóòbù kan tàbí kí wọ́n dá a padà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé ní Sábó, ló ní òun yóò gba ìyà yìí lọ́rùn wọn. Kò kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé ẹ̀kọ́ kankan. Ìfẹ́ ló fi ń ṣe é, ní alẹ́ àti ní ọjọ́ Àìkú. Ó ra Arduino Uno, bọ́ọ̀dù kékeré tí a lè kọ àṣẹ sínú rẹ̀, èyí tí microcontroller ATmega328P, kọ̀ǹpútà kékeré orí ṣíìpù kan, jẹ́ ọpọlọ rẹ̀. Ó ra DHT22 tó ń wọn ooru àti ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́. Ó ra bọ́ọ̀dù kan tó ní relay méjì, ìyẹn súwíìṣì tí Arduino lè tàn kí ó sì pa fúnra rẹ̀, ọ̀kan fún gílóòbù, ọ̀kan fún fáànù. Ó sì ra síkíríìnì LCD kékeré aláwọ̀ búlúù, onílà méjì, tí ìlà kọ̀ọ̀kan ń gba lẹ́tà 16. Iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ ni mò ń ṣe ní tèmi, ọ̀dọ̀ mi ni ọmọkùnrin náà sì ti máa ń yá áyọ́ọ̀nù tí a fi ń jó léèdì. Mo kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní kíkún nítorí pé mo ti rí àwọn tó mọ iṣẹ́ jù ú lọ tí wọ́n ju síkíríìnì tó dára nù nítorí irú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i yìí.

Ohun tó kọ́kọ́ wú mi lórí ni pé ó fẹ́ kí síkíríìnì náà máa sọ Yorùbá, nítorí Yorùbá ni àǹtí rẹ̀ ń kà láìfi ìka tọ ọ̀rọ̀. Àwọn síkíríìnì kékeré wọ̀nyí, HD44780 tí ilé-iṣẹ́ Hitachi ti Japan ṣe ni ọ̀pọ̀ jùlọ wọn ń fara wé. Àwọn lẹ́tà tó sábà máa ń wà nínú wọn láti ilé-iṣẹ́ ni ti Gẹ̀ẹ́sì, katakana ti àwọn ará Japan, àti díẹ̀ nínú lẹ́tà Gíríìkì. Kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ. Ṣùgbọ́n wọ́n fi àyè mẹ́jọ sílẹ̀ tí ènìyàn lè ya lẹ́tà tirẹ̀ sí, àyè kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ojú-àmì márùn-ún ní ìbú, mẹ́jọ ní òró. Ọmọkùnrin náà fi ìwé oníhá ìṣirò ya tirẹ̀. Ẹ tó kọ́kọ́ yà dà bí ẹni pé ó ní ìrù, nítorí pé ara lẹ́tà kékeré máa ń dé ìlà keje, àmì abẹ́ tó fi sí ìlà kẹjọ sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ó gé ara lẹ́tà náà kúrú sí ìlà mẹ́rin, ó fi ìlà keje sílẹ̀ lófìfo, àmì abẹ́ wá dá dúró, ìlà méjì òkè sì ṣẹ́ kù fún àmì ohùn. Lẹ́tà ńlá kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀, torí ó ti ga tó ìlà méje fúnra rẹ̀. Nítorí náà ó fi ọ kékeré bẹ̀rẹ̀ «ọjọ́» àti «ọ̀rinrin». Lẹ́tà mẹ́fà ló yà: ọ, ọ̀, ọ́, ẹ, á, í. Láti òdo ni a ti ń ka àwọn àyè náà, ẹ sì bọ́ sí àyè tó ń jẹ́ 3. Kí òǹkàwé fi nọ́ńbà yìí sọ́kàn.

Ìṣòro ọjọ́ kìíní kò gba àkókò. Síkíríìnì tàn, kò kọ nǹkan kan. Ó yí rẹsísítọ̀ olóríyíyí tó ń darí dídúdú lẹ́tà, ìlà òkè sì kún fún búlọ́ọ̀kù 16 nígbà tí ìlà ìsàlẹ̀ ṣófo. Ẹni tó bá rí èyí kí ó mọ̀ pé iná ti dé ara síkíríìnì ṣùgbọ́n kò tí ì gbọ́ àṣẹ kankan. Wáyà E, èyí tó ń sọ fún síkíríìnì pé kí ó gba ohun tí a fi ránṣẹ́, ló wọ ihò tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó tún un fi, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ohun gbogbo sì ṣe déédéé lórí tábìlì fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ìgbà tó gbé e lọ sára àpótí ni wàhálà dé. Ó fi síkíríìnì sí ẹnu ilẹ̀kùn àpótí kí àǹtí rẹ̀ lè máa wò ó láti ẹnu ọ̀nà, ó fi Arduino àti relay sí ẹ̀yìn, wáyà tó so wọ́n pọ̀ sì gùn tó ọgọ́ta sẹ̀ǹtímítà. Kí ó lè mọ́ lójú, ó di wáyà wọ̀nyí pọ̀ mọ́ wáyà fáànù, ó sì fi téèpù dúdú wé gbogbo rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, síkíríìnì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ kántankàntan. Lẹ́tà Gíríìkì àti àmì tí kò ní orí kò ní ìdí kún ojú rẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnnì reset tó ń tún Arduino bẹ̀rẹ̀, ohun gbogbo padà bọ̀ sípò. Kò pé wákàtí méjì, ó tún dé.

Ó pààrọ̀ síkíríìnì. Ó pààrọ̀ ṣájà fóònù tó fi ń fún un ní iná. Ó tún kóòdù rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí ẹnìkan sọ fún un pé bóyá ààyè ìrántí microcontroller, tí kò ju báìtì 2,048 lọ, ló ń kún. Kò sí èyí tó ràn án lọ́wọ́. Nígbà tó sú u, ó kọ ọ́ sínú kóòdù pé kí Arduino máa tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní wákàtí wákàtí. Ìgbésẹ̀ yìí ló burú jùlọ nínú gbogbo ohun tó ṣe, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Bí Arduino bá ti tún bẹ̀rẹ̀, ó máa ń gbàgbé iye ọjọ́ tí ẹyin ti lò, síkíríìnì a sì máa kọ «ọjọ́ 1» fún ẹyin tó ti lo ọjọ́ mẹ́sàn-án. A kì í yí ẹyin mọ́ láti ọjọ́ 18, torí pé ọmọ adìyẹ ń tò sí ipò tí yóò fi jáde. Ẹni tó bá gba ọ̀rọ̀ síkíríìnì náà gbọ́ yóò máa yí i lọ títí ẹyin yóò fi bàjẹ́. Ohun tó kó wọn yọ ni pé ìyá náà ti ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan sára ògiri ní àràárọ̀, kí ẹ̀rọ kankan tó dé.

Ìyá náà kan náà ló sọ ọ̀rọ̀ tó yí ìwádìí padà. Mo dé ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọkùnrin náà sì ń ṣàlàyé fún mi pé gílóòbù ló ń fa iná jù, pé bí ó bá ti ń kú tó ń tàn ni síkíríìnì ń dàrú. Ìyá náà wà lórí àpótí ìjókòó wọn, wọ́n ń ṣa ẹ̀fọ́, wọn kò gbé ojú sókè. Wọ́n ní, «Kì í ṣe gílóòbù o. Fáànù ni. Bí mo bá ti gbọ́ tó dákẹ́, kí n kàn wojú ẹ̀rọ yín, ó ti ń sín nìyẹn.» Ọmọkùnrin náà kò tí ì sùn sẹ́bàá àpótí náà rí, ìyá náà ló ń sùn tì í.

Kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan, mo jókòó ti àpótí náà títí síkíríìnì fi dàrú, mo sì ń wo gílóòbù. Gílóòbù ń kú, ó ń tàn ní àsìkò tó yẹ. Mo so kọ̀ǹpútà mọ́ Arduino, nọ́ńbà ooru tó ń fi ránṣẹ́ síbẹ̀ pé pérépéré. Èyí túmọ̀ sí pé ọpọlọ ẹ̀rọ náà pé, DHT22 pé, relay pé. Síkíríìnì nìkan ni kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ fún un. Bó bá jẹ́ pé iná ló ń lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí Arduino fúnra rẹ̀ náà máa dákú. Gbogbo ohun tí ọmọkùnrin náà ti pààrọ̀ kò kan ibi tí àrùn wà; ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Lẹ́yìn náà mo ní kí ó fi fọ́tò tó fi fóònù yà hàn mí. Ní ìlà òkè, níbi tó yẹ kí 37.5 wà, mo rí ẹ kan, 3 tẹ̀lé e, r kékeré tẹ̀lé 3, lẹ́tà Gíríìkì ε tẹ̀lé r, R ńlá sì parí rẹ̀: ẹ3rεR. Ọmọkùnrin náà rò pé kò ní ìtumọ̀. Ó ní ìtumọ̀, torí náà a jọ kọ ọ́ sórí ìwé.

Láti dín wáyà kù, wáyà mẹ́rin ni a sábà máa ń fi gbé lẹ́tà lọ sí síkíríìnì dípò mẹ́jọ, a ó sì pín nọ́ńbà lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sí ìlàjì méjì, a ó fi ọ̀kan ṣáájú, èkejì a tẹ̀lé e. Nígbàkigbà tí iná orí wáyà E bá gòkè tó sì wálẹ̀, síkíríìnì yóò gba ìlàjì kan. Ní ìṣirò onímẹ́rìndínlógún, níbi tí lẹ́tà A dé F ti ń dúró fún 10 dé 15 (E yìí kì í ṣe wáyà E), nọ́ńbà àyè òfìfo ni 20, ti 3 ni 33, ti 7 ni 37, ti àmì ìdánudúró ni 2E, ti 5 ni 35. Nítorí náà, «37.5» pẹ̀lú òfìfo níwájú àti lẹ́yìn ń lọ báyìí: 2 0 3 3 3 7 2 E 3 5 2 0. Bí síkíríìnì bá fi ìlàjì kan ṣìnà, òdo yóò bá 3 so pọ̀, yóò di 03. 3 yóò bá 3, yóò di 33. 7 yóò bá 2, E yóò bá 3, 5 yóò bá 2. Àyè 03 ni ẹ tó fúnra rẹ̀ yà. 33 ni 3. 72 ni r. E3 ni ε. 52 ni R. Ó dà bí bàtà tí wọ́n tò ní méjì méjì níwájú mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀: bí ẹnìkan bá sọ bàtà ẹsẹ̀ kan sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, gbogbo ẹni tó bá ń mú méjì méjì láti ibẹ̀ yóò mú bàtà tí kì í ṣe ìkejì ara wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí bàtà kan tó sọnù.

Ọmọkùnrin náà wo ìwé náà pẹ́. Ó ní, «Ẹ̀gbọ́n, síkíríìnì tí mo jù nù ńkọ́?» Mo ní kó lọ mú un wá. Ó ń ṣiṣẹ́.

Ìwé náà tún ṣàlàyé ìdí tí reset fi ń wò ó sàn fúngbà díẹ̀. Nígbà tí kóòdù bá bẹ̀rẹ̀, ó máa ń fi àṣẹ kan náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú ìsinmi láàárín wọn. Hitachi ló là á kalẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé kí a dúró ju ìdá 4.1 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá lọ lẹ́yìn ti àkọ́kọ́. Ibi yòówù tí síkíríìnì bá ti ṣìnà sí, ẹ̀ẹ̀mẹta yìí ń mú un padà sí orí ìlà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀, Arduino kò ní ọ̀nà láti mọ̀ pé ó ti ṣìnà, nítorí a ti so ẹsẹ̀ RW, èyí tí à bá fi ka èsì síkíríìnì, mọ́ gíráǹdì, bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe. Ó ń sọ̀rọ̀, kò lè gbọ́ èsì.

Kí ló wá ń ju bàtà ẹsẹ̀ kan sínú ìlà? Mọ́tò fáànù ní wáyà tí a wé pọ̀ nínú. Bí relay bá já iná irú wáyà bẹ́ẹ̀ lójijì, agbára tó wà nínú rẹ̀ kò ní gbà bẹ́ẹ̀. Fóltéèjì yóò fò sókè, iná yóò sì ta pàrà lẹ́nu relay. Ìtapàrà yẹn ń tàn dé ara wáyà tó bá wà nítòsí, wáyà E sì wà lábẹ́ téèpù kan náà pẹ̀lú wáyà fáànù. Wáyà inú gílóòbù kì í gba irú agbára bẹ́ẹ̀ pamọ́ tó ti mọ́tò. Ọmọkùnrin náà ní bọ́ọ̀dù relay ti ní dáyóòdù tó ń pa irú ìtapàrà bẹ́ẹ̀, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n ti wáyà wíwé inú relay fúnra rẹ̀ ni dáyóòdù yẹn ń pa. Kò dé ọ̀dọ̀ fáànù rárá.

A dán an wò ní alẹ́ ọjọ́ náà. A tan gílóòbù, a pa á, nígbà 50, fáànù wà ní pípa: síkíríìnì kò yẹ̀. A ṣe fáànù bákan náà nígbà 50: ó dàrú lẹ́ẹ̀mẹfà. A tú téèpù, a fa wáyà síkíríìnì jìnnà sí ti fáànù, a tún ṣe 50: ó dàrú lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà a jó kapásítọ̀ 0.1 µF, ohun kékeré tó ń gba iná díẹ̀ pamọ́, sí ìdí síkíríìnì, láàárín ẹsẹ̀ iná àti gíráǹdì, a sì pinnu láti fi kapásítọ̀ mìíràn àti rẹsísítọ̀ 100 Ω tí a so tẹ̀léra dábùú ẹnu relay fáànù kí ìtapàrà náà lè kú síbẹ̀.

Níbí ni mo ti ní láti di ọwọ́ ọmọkùnrin náà mú. Kapásítọ̀ tó mú wá fún ẹnu relay jẹ́ ti 50 fóltì, èyí tó ṣẹ́ kù nínú páálí rẹ̀. Iná ilé jẹ́ 230. Kapásítọ̀ tí a bá fi sí ojú iná ilé gbọ́dọ̀ ní X2 lára, kí wọ́n sì kọ 275 sí i, nítorí irú èyí ni a ṣe kí ó má bàa gbiná bí ó bá bàjẹ́. Ohun kejì tí mo sọ fún un, tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń gbàgbé: pẹ̀lú kapásítọ̀ yìí lẹ́nu rẹ̀, relay tó ṣí kò já iná tán. Iná díẹ̀ ń gba ibẹ̀ kọjá ní gbogbo ìgbà. Kì í yí fáànù, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan wáyà fáànù nítorí pé fáànù dúró; púlọ́ọ̀gì ni kí ó yọ. Ọjọ́ kejì la rí èyí tó tọ́ rà. A ṣe 50, a tún ṣe 50 mìíràn, kò dàrú lẹ́ẹ̀kan.

Ìyá náà ló tún bèèrè ohun tó yẹ kí èmi ti bèèrè: kí ló dé tí ẹ fi ń dá fáànù dúró ná? Ọmọkùnrin náà ní òun ń fún un ní ìsinmi ìṣẹ́jú kan nínú mẹ́wàá kó má bàa gbóná. Ṣùgbọ́n fáànù àpótí ìsàba kò gbọ́dọ̀ sinmi. Bí ó bá dúró, ooru yóò kóra jọ sókè, DHT22 yóò sì máa sọ ti ibi tó wà nìkan. A yọ fáànù kúrò lórí relay pátápátá, a so ó mọ́ iná tààrà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá ohun tó ń fa ariwo náà yẹ kó wà níbẹ̀, kí ẹ tó ra ohun tí yóò pa á.

Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, iná lọ, wọ́n yí i sí jẹnẹrétọ̀, síkíríìnì sì dàrú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyípadà bẹ́ẹ̀ kò ṣeé dènà nílé wa, nítorí náà a kọ ọ́ sínú kóòdù pé kí ó máa fún síkíríìnì nìkan ní àṣẹ ìbẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, láìfọwọ́ kan ohun mìíràn. Nọ́ńbà padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n ẹ inú «Yí ẹyin» ti di àmì tí kò jọ ẹ mọ́, àmì ohùn orí í sì ti ṣí lọ sí abẹ́. Nígbà tí ìlàjì ń ṣìnà, àwọn àṣẹ náà ń ṣìnà pẹ̀lú, ọ̀kan nínú wọn sì ti ṣí ilẹ̀kùn àyè mẹ́jọ náà, tí lẹ́tà tó tẹ̀lé e fi kọ ara rẹ̀ lé orí àwòrán. Ẹ̀ẹ̀kan péré, ní ìbẹ̀rẹ̀, ni kóòdù ń kó àwòrán lọ sínú síkíríìnì. Ẹni tó bá ń kọ Yorùbá sórí irú síkíríìnì yìí ní láti máa tún àwọn lẹ́tà rẹ̀ fi ránṣẹ́ pẹ̀lú àṣẹ ìbẹ̀rẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹni tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì kò ní rí ìṣòro yìí láé, nítorí lẹ́tà tirẹ̀ kò ṣeé parẹ́.

Ìṣirò ọjọ́ ló gbẹ̀yìn. Ọmọkùnrin náà yọ reset wákàtí wákàtí kúrò, ó sì ń fi iye wákàtí pamọ́ sínú EEPROM, àyè kékeré inú ATmega328P tí kì í gbàgbé bí iná bá lọ. Ní àárọ̀ tí ìyá náà fa ìlà kejìdínlógún sára ògiri, síkíríìnì ṣì ń kọ «ọjọ́ 17» àti «Yí ẹyin». Gbogbo wákàtí tí iná fi lọ ni ẹ̀rọ náà kò kà. Ìlà ògiri ni wọ́n tẹ̀lé, wọn kò yí ẹyin mọ́. Kí wọ́n tó to ẹyin mìíràn, ó ra aago DS3231, tó ní bátìrì pẹlẹbẹ tirẹ̀ tó fi ń ka àkókò lọ bí iná kò bá sí, ó sì jó o mọ́ ara Arduino pẹ̀lú wáyà tí kò gùn ju ìka lọ. Nínú ẹyin tó tẹ̀lé e, «Má yí i mọ́» jáde lójú síkíríìnì ní àárọ̀ ọjọ́ 18, pẹ̀lú àmì abẹ́ tó dá dúró lábẹ́ ọ́. Ìyá náà ṣì ń fa ìlà ṣọ́ọ̀kì wọn ní àràárọ̀, ọmọkùnrin náà sì ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má dáwọ́ dúró.